Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Ń Jẹun

Ìyá mi ti bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Mo ní, "Màámi, catcher ni mí. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, èmi á sì mú un."

"Tó o bá mú un tán ńkọ́?"

"Màá dá a padà fún un."

"Òun náà á wá ṣe kí ni?"

"Á tún jù ú."

Orí fóònù la wà. Mò ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé wọn l'Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń jù ú yẹn, ṣé ara rẹ̀ yá?"

N kò bá a jiyàn. Bí èèyàn bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ baseball kò yàtọ̀ sí ohun tó sọ yẹn. Èèyàn á lóṣòó sílẹ̀ bí ẹni tó ń fọ abọ́, á fi irin bojú, á de nǹkan tó nípọn mọ́ àyà, á ki ọwọ́ òsì bọ glove aláwọ kan tó tóbi bí ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́, á wá máa retí kí ọkùnrin kan tó jẹun yó ju bọ́ọ̀lù líle lu òun. Wọ́n sì ń sanwó fún mi lórí rẹ̀.

Kí n tó sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì mi, torí òun ló fa gbogbo ẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mo jẹ́ látinú ìyá mi wá. Òsì ni mo fi ń mú ṣíbí, òsì ni mo fi ń sọ òkò sí máńgòrò, òsì ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni yòówù kó na nǹkan sí mi. Hẹ́dímáásítà sì ni bàbá mi. Ọmọ hẹ́dímáásítà tó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ wo irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," bàbá mi á máa pa á lówe fún mi láàárọ̀, á tún pa á lálẹ́. Nígbà tí òwe kò ṣiṣẹ́, ó fa àkísà kan ya. Bí a bá fẹ́ jẹun, bí a bá fẹ́ kàwé, á fi so ọrùn ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹsẹ̀ àga. Mo sunkún, mo da ọbẹ̀ sára, mo kọ lẹ́tà "a" tó dà bí ìgbín. Nígbà tó pẹ́ títí, ọ̀tún gbọ́ iṣẹ́. Mò ń fi kọ̀wé, mò ń fi jẹun, mò ń fi sọ òkò. Òsì wá dà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí àwo.

Nílé wa, bí bàbá mi bá jẹun tán, á fi ẹran kan sílẹ̀ nínú àwo. Ọmọ tí inú rẹ̀ bá dùn sí lọ́jọ́ náà ló máa pè. Wàá dọ̀bálẹ̀, wàá dìde sórí eékún, wàá na ọ̀tún, wàá fi òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ró, wàá gbà á. Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òsì mi ti dé ìdí ẹran. Bàbá mi dá ẹran náà padà sínú àwo, ó sì pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n mo ṣì rántí irú ẹran tó jẹ́. Ṣàkì ni.

Irú ọmọ tí wọ́n tọ́ báyẹn ni mo jẹ́ tí mo fi dé Atlanta.

College Park ni mo ń gbé, níbi tí bàlúù ti ń gba orí òrùlé wa kọjá, tó jẹ́ pé bí mo bá ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àá jọ dákẹ́ kó kọjá ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ cargo ni mo kọ́kọ́ rí ní airport, mò ń gbẹ́rù, mò ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ ra búrẹ́dì. Ọmọdébìnrin tó ń gbowó fi òsì na ṣéńjì sí mi, ó sì ń wo ibòmíràn. Mo dúró. Mò ń retí kó ní "ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o," bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ṣe máa ń sọ ọ́.

"Sir? You good?" ló wí.

Mo gba ṣéńjì mi, mo sì fi ìbínú rìn délé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti rí i pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn: dókítà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, títí kan ọkùnrin tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó bú mi nínú wọn. Ohun tó dùn mí gan-an ni pé mo ti dé àárín àwọn tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè bú mi, tí wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe lè bọ̀wọ̀ fún mi. L'Abẹ́òkúta, bí èèyàn bá jáde láàárọ̀, ìkíni á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó débi tó ń lọ. Nínú apartment wa, mo kí ọkùnrin tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí tèmi, ó béèrè bí mo ṣe wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí mo ṣe wà fún un, ó ti wọ mọ́tò lọ.

Ọ̀gá wa níbi cargo ń jẹ́ Mr. Earl. Àgbàlagbà adúláwọ̀ ni, ọmọ bíbí Atlanta, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wọ́ bí ata ilẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń fi Mister sí i. Àwọn tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Earl, ó sì ń dá wọn lóhùn. Bí a bá wà ní break, á mú bọ́ọ̀lù àti glove méjì bọ́ sí ẹ̀yìn ilé ẹrù, á ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá bá òun ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò, ó ní kí n fi glove sí ọwọ́ òsì. Ó ju bọ́ọ̀lù. Mi ò tíì ronú kàn án, òsì mi ti mú un. Ó jù ú mọ́lẹ̀, òsì hú u nílẹ̀. Ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́, òsì gbà á wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń dúró dè é látọjọ́ ọ̀rọ̀ ṣàkì.

Ó ní kí n jù ú padà. Mo fi ọ̀tún jù ú.

"Òsì ni ọwọ́ rẹ gan-an," ló wí. "Ta ló kọ́ ọ kó o máa fi ọ̀tún jù?"

"Bàbá mi ni."

"Ó gbá baseball ni?"

"Rárá, sà. Hẹ́dímáásítà ni." Mo sọ ọ̀rọ̀ àkísà àti ẹsẹ̀ àga fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí páálí ẹrù ẹni ẹlẹ́ni.

Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe catcher rí nígbà èwe, òun ló sọ ìka rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ó là á yé mi pé ẹni tó bá ń fi òsì ju bọ́ọ̀lù, wọn kì í jẹ́ kó ṣe catcher. Òsì ni catcher fi ń mú, ọ̀tún ló fi ń jù. Kí èèyàn wá ní òsì tó gbọ́n báyìí, kó tún máa fi ọ̀tún jù, ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. "Bàbá rẹ ti fi àkísà tọ́ catcher, kò sì mọ̀," ló wí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ méjèèjì.

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kékeré kan tí pápá wọn wà lẹ́yìn Fairburn, láàárín àwọn ilé ẹrù. Kì í ṣe irú ẹgbẹ́ tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnìkan bá gbá bọ́ọ̀lù fò ògiri, orí trela ló ń bà sí. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà, bọ́ọ̀lù ń pa mí lójúgun, itan mi ń ro mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó di ìgbà ooru, Coach ẹgbẹ́ náà gbà mí. Èmi ni mò ń mú bọ́ọ̀lù fún àwọn ajubọ́ọ̀lù tó ń gbára dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí wọ́n tó wọlé. Bí wọ́n bá ti gbára dì tán, wọ́n á wọ inú eré lọ, èmi á jókòó. Mo ní aṣọ, mo ní nọ́ńbà lẹ́yìn, mo ní ọgbẹ́. Eré nìkan ni mi ò ní.

Ramón ló máa ń ju bọ́ọ̀lù sí mi jù. Ọmọ erékùṣù Dominican ni, òun náà ní ìyá tó ń bi í léèrè lórí fóònù nígbà tó máa wálé. Bí mo bá na ìka ọ̀tún kan sí i, á ju èyí tó yára. Bí mo bá na méjì, á ju èyí tó ń yí. Nílé wa ọmọ kì í tẹjú mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n bí mi ò bá tẹjú mọ́ Ramón, bọ́ọ̀lù á yọ mí léyín.

Aunty Dúpẹ́, àbúrò bàbá mi, nọ́ọ̀sì ni ní Marietta. Òun ló gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun náà ló gbé ọ̀rọ̀ mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde níjọ́ ọpẹ́, ó ní ọmọ òun ti di professional baseball player. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà mi ò rójú ráyè. "Uncle baseball, we never see you for TV o," ẹnìkan á wí. Ìyá ìjọ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ máa ń lóṣòó níbẹ̀. Ṣé tìtorí owó náà ni?"

Níta, Aunty ń fi mí yangàn. Nínú ilé, ó ti bá mi gbàyè ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì.

"My dear, August lo máa start," ló ń sọ ní gbogbo Sunday. "Ta lo rí tó ṣe nursing tí wọ́n lay off? Wàá máa lóṣòó kiri títí orúnkún ẹ á fi daṣẹ́ sílẹ̀, èmi náà ni wọ́n á sì ní kí n wá tọ́jú ẹ."

Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi ń bí mi nínú.

Ọmọ Aunty ló wá ya fídíò kan, ó sì gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Nínú fídíò náà Coach, tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, ń na bọ́ọ̀lù sí mi. Mo wà lóòṣòó, mi ò dìde, mo na glove òsì, mo gbà á. Bàbá mi pè mí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò dúró gba ìkíni.

"O lóṣòó," ló wí. "O sì fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó tó bàbá rẹ."

"Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, sà."

"Iṣẹ́ wo? Mo so ọwọ́ yẹn mọ́lẹ̀ kí ayé má baà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó láti wò ó." Bàlúù ń kọjá lórí mi, mi ò mọ̀ bóyá òun ni bàbá mi ń dúró dè. "Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ Dúpẹ́ lóṣù keje. Màá fojú ara mi rí i. Tí mo bá rí i pé ìtìjú ni, wàá bọ́ nǹkan ọwọ́ rẹ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wàá sì lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Mr. Earl kò lóye rẹ̀. Ó ní mo ti dàgbà, kí ló kan bàbá mi. Ramón lóye rẹ̀, kò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan. Mò ń san rent, mò ń san gbogbo bill mi, ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀, á sì máa dùn mí títí ayé. Ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ yìí ṣì yín lọ́nà, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Òun nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń retí mi nínú gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹnìkan á dúró lọ́hùn-ún, á wò mí, bí mi ò bá sì tíì wà níbẹ̀ kò ní ju nǹkan kan.

Bàbá mi dé lóṣù keje. Nínú mọ́tò láti airport sí Marietta, ó wo gbogbo ọkọ̀ tó dí ọ̀nà, ó ní, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ṣé kò sẹ́ni tó kù nílé ni?" Ní ọjọ́ kejì mo mú un lọ ra omi. Ọmọbìnrin tó ń gbowó fi òsì na ṣéńjì sí i. Bàbá mi ò gbà á. "Right hand, please," ló wí, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Ọmọ náà ní òun tọrọ gáfárà, ó sì fi ọ̀tún fún un. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn kàn lè sọ ọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí òun àti Aunty wá sí pápá, mo mọ̀ pé ìjókòó ni wọ́n máa bá mi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn catcher méjì tí wọ́n ní ti fara pa léjìká nínú ọ̀sẹ̀ náà, Coach sì ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún eré ọjọ́ náà láàárọ̀, bí ẹni tó mú agbòjò dání lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Nígbà tí eré ti lọ jìnnà, oòrùn mú èkejì, wọ́n gbé e jáde. Coach yíjú wò yíká. Èmi nìkan ni mo wọ irin.

"Ìwọ ni," ló wí.

Ramón ló ń ju bọ́ọ̀lù, òun ni mo tẹjú mọ́, mi ò wo ibi tí bàbá mi jókòó sí. Aunty ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Mr. Earl ti lọ jókòó tì í, pé bàbá mi káwọ́ gbera.

Nínú eré baseball, ẹ̀yìn catcher ni rẹfirí ń dúró sí. Àgbàlagbà ni ti ọjọ́ náà, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i, èyí tí kò bá mi lára mu rárá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kan dọ̀tí, wọ́n dá eré dúró, rẹfirí na tuntun sí mi láti ẹ̀yìn. Ọ̀tún ni catcher máa ń fi gbà á, láì wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà lórí ìjókòó, ara mi sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Mo dìde, mo yí padà, mo bọ́ glove sílẹ̀, mo tẹ orúnkún, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba bọ́ọ̀lù. Mo tiẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, sà." Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ramón yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà rí eyín rẹ̀. Rẹfirí fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀ láti kí mi. Aunty ní ìgbà yẹn ni bàbá mi tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ó wá yíjú sí Mr. Earl, ó bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ dandan kí n fi òsì mú bọ́ọ̀lù. Mr. Earl ṣàlàyé bó ṣe ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun ò rí òsì tó tó yẹn, ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan ò kọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti jù ni, wọn kì bá tí jẹ́ kó súnmọ́ ibẹ̀.

"What must he do now?" bàbá mi béèrè.

"Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́," Mr. Earl dá a lóhùn. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

A fi àmì kan ṣoṣo ṣíwájú, ó sì ku ẹnìkan ká lé jáde kí eré parí. Àwọn ọ̀tá ní ẹni tó ti dé igun kẹta. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ mi, á sáré wọlé, á bá wa dọ́gba. Ọkùnrin wọn tó dúró níwájú mi láti fi igi gbá bọ́ọ̀lù fi igi kàn án díẹ̀, bọ́ọ̀lù yà, ó sì bá ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi tó wà lófìfo. Bí bọ́ọ̀lù bá yà bẹ́ẹ̀, ẹni igun kẹta ò lè sáré. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Mo pa ọwọ́ náà mọ́ sẹ́yìn itan, mi ò jẹ́ kí Coach rí i. Ó dùn mí débi pé omi bọ́ lójú mi nínú irin.

Mi ò lè na ìka mọ́ láti fi àmì hàn Ramón. Mo kàn gbé glove sísàlẹ̀, mo wò ó. Òun náà wò mí. Ó ju èyí tó ń yí, igi ọkùnrin náà kọjá lókè rẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú mi, eruku sọ. Nígbà tí eruku wálẹ̀, ó wà nínú òsì mi, mo fi kan ọkùnrin náà lára, eré parí, a borí.

Wọ́n fò mọ́ mi. Coach gbọ̀n mí léjìká, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, agbábọ́ọ̀lù gidi ni mí. Ó wá rí ọwọ́ ọ̀tún mi. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ ọ́ mọ́ ti àwọn tó fara pa.

Láti ilé ìwòsàn, a lọ sílé Aunty ní Marietta. Wọ́n ti fi irin àti báńdéèjì di gbogbo ọwọ́ ọ̀tún mi, ó dúró gbagidi bí ọmọ odó. Bàbá mi ń wo sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ títí a fi dé. Aunty gbé ẹ̀bà kalẹ̀ fún un.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti wá rí i báyìí," ló wí. "Ìka ti ṣẹ́. August ò jìnnà. Ẹ bá mi sọ fún un."

Bàbá mi bu òkèlè, ó ń jẹ. Mo jókòó lọ́dọ̀ ògiri, mò ń dúró de ìdájọ́ mi. Ó jẹun tán, ó fọwọ́. Ẹran kan kù nínú àwo. Ó pe orúkọ mi.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ ò jẹ́. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó na ẹran náà sí mi. Mo gbé ọ̀tún, báńdéèjì ò lè di nǹkan kan mú. Mo fà á sẹ́yìn. Òsì mi wà lórí itan, mi ò jẹ́ kó mira.

"Ọwọ́ wo ni wọ́n ń sanwó fún?" bàbá mi béèrè.

"Òsì ni, sà."

"Ìwọ tó o ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ò ń gbọ́," ó sọ fún Aunty, kò wò ó. Ó tún na ẹran náà súnmọ́ mi. "Fi gbà á."

"Bọ̀dá mi, ọwọ́ òsì?" Aunty wí.

Mo na òsì mi.  Bàbá mi gbé ẹran náà lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pa òsì mi dé.

"Má jẹ́ kó bọ́ o," ló wí.